Ọsàn ni olórí: bí mo ṣe ń po tẹkílà olómi ọsàn nílé ní Òṣogbo

Ohun tí mo gbà gbọ́ nípa ọtí tí a fi tẹkílà, ọtí líle ilẹ̀ Mẹ́síkò, àti omi ọsàn pò ni pé ọsàn ni olórí rẹ̀, tẹkílà ló ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá fẹ́ po irú ọtí yìí nílé ló máa ń kó gbogbo owó lé ìgò tó wọ́n jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n á wá lọ da omi ọsàn inú páálí, tí ṣúgà ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, lé e lórí, lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa sọ pé adùn rẹ̀ kò tó ohun tí àwọn ń retí. Òṣogbo ni èmi ń gbé, níbi tí ọsàn tútù kò ti ṣòro rí nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá dé. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ẹnikẹ́ni tó ti pé ọmọ ọdún 18, tó sì ń mu ọtí, ṣe lè pò ó nínú ilé ìdáná tirẹ̀ láìní irinṣẹ́ ilé ọtí kankan, kí ó sì tù ú lára gidi ní ọjọ́ tí oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà bá mú ganrínganrín.

Ọjà ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, ọsàn máa ń wà ní òkìtì òkìtì ní Ọjà Olúọdẹ, ní Ìgbọ̀nà àti lẹ́bàá títì, òmíràn láti oko tó wà nítòsí, òmíràn láti ìpínlẹ̀ Bẹ́núè tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ mọ ọsàn. Àwọ̀ ewé tó máa ń wà lára ọsàn mímu tiwa kò fi hàn pé kò tíì pọ́n. Òtútù òru ló máa ń mú kí àwọ̀ ewé ṣí kúrò lára èèpo ọsàn, kí àwọ̀ pupa rẹ̀ tó yọ síta. Níwọ̀n bí òru ilẹ̀ wa kì í ti í tutù tó bẹ́ẹ̀, ọsàn lè pọ́n dénú, kí ó dùn bí oyin, kí ara rẹ̀ sì tún tutù minimini. Nítorí náà, ẹ má fi ojú yan ọsàn, ọwọ́ ni kí ẹ fi yàn án. Ẹ gbé méjì tó dọ́gba ní títóbi, ẹ fi wọn wé ara wọn. Èyí tó bá wúwo jù ni omi inú rẹ̀ pọ̀ jù.

Ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fẹ́ràn láti sọ̀rọ̀ lé lórí jù lọ. Èyí tí a mọ̀ nílẹ̀ wa fún rírẹ àgbo àti fún fífọ ọ̀yọ̀ kúrò lára ìgbín, kékeré, róbótó, tó kún fún kóró, ni àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn ń pè ní Citrus aurantifolia. Òun gan-an ni àwọn ará Mẹ́síkò ń fún sínú tẹkílà tiwọn, kódà àwọn òyìnbó mìíràn fi orúkọ Mẹ́síkò pè é. Kì í ṣe ọmọ bíbí Mẹ́síkò, kì í sì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ Yorùbá. Gúúsù ìlà oòrùn Éṣíà ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, àwọn ará Sípéènì ló sì gbé e kọjá òkun lọ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń ra ọsàn wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá wa ní Ọjà Ọba kò lo àrọ́pò ohunkóhun. Irú ọsàn wẹ́wẹ́ tó tóbi, tí kò ní kóró, tí wọ́n ń kó wọlé, tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá ní àwọn ilé ìtajà ńláńlá, kò ní òórùn tó èyí tiwa, mo sì lè fi gbogbo ẹnu sọ bẹ́ẹ̀.

Púpọ̀ nínú wa ló máa ń ṣa ọsàn wẹ́wẹ́ tí ara rẹ̀ le, tó sì tutù yọ̀yọ̀. Èyí tí èèpo rẹ̀ tín-ín-rín, tó ń dán, tó sì ti ń di àwọ̀ ìyeyè, ni omi rẹ̀ máa ń pọ̀ jù, kíkan rẹ̀ kò sì ní ẹ̀tẹ́ nínú. Ti ọsàn mímu, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan tí mo máa ń bẹ ìyá ọlọ́sàn ní gbogbo ìgbà, nítorí bí ènìyàn bá ti ń sanwó ni ọwọ́ wọn ti ń lọ síbi abẹ kí wọ́n lè bá a bó o. “Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bó o, èèpo rẹ̀ náà ni mo fẹ́ lò.” Inú ìpele òkè pátápátá lára èèpo yẹn, ibi tó ní àwọ̀, ni òróró olóòórùn dídùn wà, òróró náà sì ni ó ń jẹ́ kí imú mọ̀ pé ọsàn ni òun ń gbóòórùn kí ọtí tó dé ètè. Ọsàn tí a ti fi abẹ bó ti pàdánù rẹ̀ fún ilẹ̀ ọjà.

Bí a bá délé, kí a fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ fọ gbogbo rẹ̀, kí a ṣàn án dáadáa. Kí a yí ọsàn wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan lórí tábìlì lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́, kí àwọn àpò omi inú rẹ̀ lè tú, kí a gé e ní ìbú, kí a fún un, kí a sì fi asẹ́ tíì gba kóró rẹ̀. A kì í tẹ̀ ẹ́ títí tí funfun inú èèpo yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú omi sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìkorò wà. Àkókò tí a fún un tún ṣe pàtàkì ju bí a ṣe fún un lọ. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ kì í pẹ́ kí ẹnu tó mọ̀ pé ó ti ṣá: ohun tí a fún ní òwúrọ̀ yóò ti yàtọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Omi ọsàn mímu náà lè korò bí a bá fún un sílẹ̀ dọjọ́ kejì, nítorí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní limonin, tí ìkorò rẹ̀ máa ń jẹyọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti fún ọsàn tán. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fún ọsàn sínú ìgò ní ọjọ́ Ẹtì fún àlejò ọjọ́ Àìkú.

Ìkìlọ̀ kan wà níhìn-ín tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Bí ẹ bá ti fún ọsàn wẹ́wẹ́ tán, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín títí dé ọrùn ọwọ́ kí ẹ tó jáde sínú oòrùn. Èròjà kan wà nínú omi rẹ̀ àti nínú èèpo rẹ̀ tó jẹ́ pé bí ìtànṣán oòrùn bá bá a lára awọ ènìyàn, ó máa ń jó awọ náà: yóò pọ́n, ó lè léròrò, ojú ibẹ̀ sì lè dúdú fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá ń fún ọsàn lẹ́bàá iná ìyanran ní ìta gbangba ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù.

Ó wá kan tẹkílà. Orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò nìkan ló lè ṣe ohun tí òfin gbà pé kó máa jẹ́ tẹkílà. Láti ọdún 1974 ni wọ́n ti fi òfin dáàbò bo orúkọ náà, ìpínlẹ̀ Jalisco, níbi tí ìlú Tequila fúnra rẹ̀ wà, ló sì ni èyí tó pọ̀ jù, àfi àwọn àgbègbè kan ní Guanajuato, Michoacán, Nayarit àti Tamaulipas tí òfin náà tún gbà láàyè. Ewéko tí wọ́n fi ń ṣe é ni agave aláwọ̀ búlúù, ewé rẹ̀ gùn, ó le, ó sì ní ẹ̀gún lẹ́nu. Ó máa ń lo nǹkan bí ọdún 6 sí 8 kí ó tó gbó. Àwọn àgbẹ̀ tí iṣẹ́ náà mọ́ lára á fi ọkọ́ pẹlẹbẹ olójú mímú rẹ́ gbogbo ewé rẹ̀ dànù, ohun tó bá kù nílẹ̀ sì dà bí ọ̀pẹ òyìnbó ràgàjì kan tí ìwọ̀n rẹ̀ lè tó kìlógíráàmù 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á sè é títí yóò fi dùn, wọ́n á fún omi rẹ̀, wọ́n á fi ìwúkàrà sí i kí ó lè di ọtí, lẹ́yìn èyí ni wọ́n á gbé e kaná ó kéré tán ní ẹ̀ẹ̀mejì, tí wọ́n á máa gba ooru rẹ̀ tó ń padà di omi, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń se ògógóró nílẹ̀ wa ṣe máa ń ṣe. Ó wù mí láti máa rántí pé àjọ UNESCO tó kọ Igbó Ọ̀ṣun tiwa sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ní ọdún 2005 náà ló kọ àwọn oko agave àti àwọn ilé ìsètí àtijọ́ tó yí ìlú Tequila ká sínú rẹ̀ ní ọdún 2006. Ìlú tó mọyì ilẹ̀ àti igbó rẹ̀ ni àwọn méjèèjì.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ọtí, ìwé ara ìgò ni kí ẹ kà kí ẹ tó wo iye owó rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ “100% de agave” sí i, agave nìkan ni gbogbo ṣúgà tó di ọtí náà ti wá. Bí wọ́n bá kọ “tequila” lásán, òfin gbà pé kí ìdá 51 nínú 100 ṣúgà rẹ̀ wá láti ara agave, kí ìyókù sì jẹ́ ṣúgà mìíràn bíi ti ìrèké. Èkejì yìí kì í ṣe ayédèrú, owó rẹ̀ sì máa ń rọ̀ ẹni lọ́rùn, àmọ́ ó máa ń ta ọ̀nà ọ̀fun ju èkíní lọ. Irú tó funfun, tí wọ́n ń pè ní blanco, ni mo yàn fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé òórùn ewéko rẹ̀ àti òórùn èèpo ọsàn mọ ara wọn. Reposado ti lo oṣù 2 ó kéré tán nínú àgbá igi, ó lè bá omi ọsàn mímu rìn dáadáa. Añejo, tó ti lo ọdún kan ó kéré tán nínú àgbá, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń da ọsàn wẹ́wẹ́ lé lórí. Adùn igi tí a sanwó rẹ̀ yóò kàn sọnù sínú kíkan ni. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni ín rọra máa mu ún lóun nìkan.

Ọ̀rọ̀ ayédèrú kò ṣeé fojú fò. Ní ọdún 2015, ọtí tí methanol, irú ọtí olóró kan tí kò ṣeé mu, ti wọ inú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Òǹdó àti ní ìpínlẹ̀ Rivers, àwọn mìíràn sì pàdánù ojú wọn. Methanol kò yàtọ̀ sí ọtí gidi lójú, ẹnu kò sì lè fi í mọ̀. Nítorí náà, ẹ ra ọtí lọ́wọ́ ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú kan, tí ẹ lè padà lọ bá. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ọ̀rọ̀ NOM tí nọ́ńbà mẹ́rin máa ń tẹ̀ lé, èyí tó ń tọ́ka sí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní Mẹ́síkò, ẹ sì yẹ ìdérí rẹ̀ wò bóyá ọwọ́ kankan ti kàn án. Ìgò tí owó rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ju ti gbogbo ọjà lọ, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Adùn ni ó kàn, ibẹ̀ ni mo sì ti máa ń fara balẹ̀ jù. Margarita, àpòpọ̀ tẹkílà àti ọsàn wẹ́wẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀, ọtí mìíràn tí wọ́n fi èèpo ọsàn ṣe ni wọ́n ń dà mọ́ tẹkílà rẹ̀, irú bíi Cointreau. Ìgò rẹ̀ wọ́n, òun náà sì jẹ́ ọtí líle. Ohun tí èmi ń lò dípò rẹ̀ ni ṣúgà tí mo fi èèpo ọsàn fúnra rẹ̀ ṣe. Ẹ fi ọ̀bẹ tó mú dáadáa ṣí èèpo ọsàn mímu 4 àti ti ọsàn wẹ́wẹ́ 2 fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí funfun rẹ̀ má bá a lọ. Ẹ da gíráàmù 200 ṣúgà lé e nínú abọ́, ẹ fi ọmọ odó kékeré tàbí ìdí ife tẹ̀ ẹ́ mọ́ra títí òórùn rẹ̀ yóò fi gba gbogbo yàrá, kí ẹ sì dé e sílẹ̀ fún wákàtí 4 tàbí mọ́jú. Ṣúgà máa ń fa òróró àti omi jáde lára èèpo náà. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí i pé ó ti rin, ó ti ń dán, ó sì ti ń ṣàn nísàlẹ̀ abọ́. Ẹ wá da mìlílítà 200 omi ọsàn mímu tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún sí i, ẹ rò ó títí ṣúgà yóò fi yọ́ tán láìgbé e kaná, ẹ sẹ́ ẹ sínú ìgò tó mọ́, kí ẹ sì gbé e sínú fíríìjì. Ṣúgà púpọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò ní jẹ́ kó tètè bàjẹ́ bíi omi ọsàn lásán, ẹ lè lò ó fún ọjọ́ mélòó kan. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ tó wà níbẹ̀, ìyókù jẹ́ dídúró, kò sì sí ohun mìíràn nínú gbogbo àlàyé yìí tó ń yí adùn ọtí náà padà tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ oyin lè lò ó. Kí ó jẹ́ ògidì oyin, kí a sì fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó bá a dọ́gba là á ṣáájú, nítorí pé bí oyin lásán bá kan yìnyín, yóò dì gbagidi sísàlẹ̀ ìgò.

Nípa yìnyín, ẹ fi omi tó ṣeé mu ṣe é, ìbáà jẹ́ omi inú ọ̀rá tàbí èyí tí ẹ sè fúnra yín tí ó sì ti tutù. Òtútù kì í pa kòkòrò àrùn, ó kàn ń mú kí ó sùn ni, nítorí náà yìnyín tí a kò mọ orísun omi rẹ̀ kò yẹ kí ó wọ inú ife ẹnikẹ́ni. Bí iná bá ti dé lóru ni mo máa ń kún àwo yìnyín, tí mo sì máa ń kó èyí tó ti dì tán sínú ọ̀rá nínú fírísà, kí ó má bàa jẹ́ pé ìgbà tí àlejò bá jókòó ni wọn yóò mú iná lọ. Kí ègé rẹ̀ tóbi. Ègé wẹ́wẹ́ máa ń tètè yọ́, á sì sọ ọtí di omi kí a tó mu ún dé ìdajì.

Ní báyìí, fún ife kan, ṣíbí ìjẹun tí mò ń sọ nísàlẹ̀ yìí ni èyí tó ń gba mìlílítà 15. Bí ẹ kò bá ní i, ife kékeré onílà tó máa ń bá oògùn olómi àwọn ọmọdé wá yóò ṣe é dáadáa. Ẹ mú ṣíbí 3 tẹkílà funfun, ṣíbí kan àtààbọ̀ omi ọsàn wẹ́wẹ́, ṣíbí 4 omi ọsàn mímu, ṣíbí 1 ṣúgà èèpo tí a ṣe yẹn, àti iyọ̀ tí orí ìka méjì lè mú. Ọsàn wẹ́wẹ́ 2 tàbí 3 ló sábà máa ń tó. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ìgò ẹlẹ́nu gbàgàdà tó ní ìdérí tó le, irú èyí tí wọ́n fi ń ta jáàmù tàbí mayonéèsì, ẹ fi yìnyín kún un dé ìdajì, ẹ dé e pinpin, kí ẹ sì fi agbára mì ín fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15, títí ara ìgò náà yóò fi tutù débi pé yóò ṣòro láti dì í mú. Ẹ sẹ́ ẹ sínú ife tí yìnyín tuntun wà nínú rẹ̀, ẹ da omi sódà tútù tó tó mìlílítà 100 lé e, ẹ fi ṣíbí rò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Omi sódà kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìgò tí à ń mì. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè fa ìdérí yọ, yóò sì ti tán kí ó tó dé inú ife.

Mímì náà kì í ṣe fún ẹwà. Yìnyín tó ń yọ́ bí a ti ń mì ín ń fi omi kún ọtí náà, omi yẹn sì jẹ́ ara èròjà rẹ̀. Ọtí tí a kò mì tó máa ń le, á sì kan jù. Iyọ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú: díẹ̀ tí a fi sí i kì í jẹ́ kí ó di oníyọ̀, ńṣe ló ń bo ìkorò mọ́lẹ̀ tí adùn ọsàn fi ń yọrí. Ẹni tó bá fẹ́ iyọ̀ létí ife kí ó fi ègé ọsàn wẹ́wẹ́ pa ìdajì etí ife náà nìkan, kí ó tì í bọ inú iyọ̀ nínú àwo pẹlẹbẹ, kí ẹni tó ń mu ún lè yan ẹ̀gbẹ́ tó wù ú. Mo máa ń lọ ata gbígbẹ díẹ̀ mọ́ iyọ̀ yìí, àwọn ará Mẹ́síkò náà kì í sì í ya ata àti ọsàn nípa. Bí ẹ bá ń tọ́ ọ wò kí yìnyín tó wọ inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó dùn díẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ, nítorí pé òtútù máa ń dín bí ahọ́n ṣe ń gbọ́ adùn kù.

Gíréèpù, ìyẹn irú ọsàn ńlá tí àwọn òyìnbó ń pè ní grapefruit, ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní Mẹ́síkò, ọtí tí wọ́n ń pè ní Paloma, tí wọ́n fi tẹkílà, ọsàn wẹ́wẹ́, iyọ̀ àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò olómi gíréèpù pò, gbajúmọ̀ púpọ̀. Ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò yẹn kì í sábà dé ọ̀dọ̀ wa, àmọ́ bí gíréèpù bá wà lọ́jà, ẹ fi ṣíbí 4 omi rẹ̀ rọ́pò omi ọsàn mímu inú ohun tí mo kọ lókè, kí ẹ fi ìdajì ṣíbí kún ṣúgà rẹ̀. Kí ẹ tó gbé e fún bàbá tàbí ìyá tó ń lo oògùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè. Gíréèpù máa ń dí èròjà kan lọ́wọ́ nínú ìfun wa, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tú àwọn oògùn kan palẹ̀, oògùn náà á sì wá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Nifedipine tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti simvastatin tí wọ́n ń lò fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wà lára wọn, agbára gíréèpù yìí sì lè wà lára ju ọjọ́ kan lọ. Ọtí líle fúnra rẹ̀ kò bá ọ̀pọ̀ oògùn rìn, ìdí mìíràn nìyẹn láti béèrè lọ́wọ́ oníṣègùn.

Fún àwọ̀ àti òórùn, ilé wa kò ṣaláìní nǹkan. Ẹfinrin jẹ́ ìbátan basil tí àwọn òyìnbó fẹ́ràn, ewé rẹ̀ méjì tí a fi àtẹ́lẹwọ́ gbá kí òórùn rẹ̀ lè jí ti tó fún ife kan. Ẹ má ṣe gún un, nítorí yóò korò. Ìṣápá pupa tí a fi ń ṣe sóbò, ewéko yẹn kan náà ni àwọn ará Mẹ́síkò ń rẹ tí wọ́n ń pè ní agua de Jamaica. Mo máa ń fi sóbò tí kò ní ṣúgà púpọ̀ ṣe yìnyín, bó sì ṣe ń yọ́ nínú ife ni ọtí náà á máa pọ́n, tí kíkan rẹ̀ á sì máa jinlẹ̀ sí i.

Òṣogbo jẹ́ ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, ọ̀pọ̀ Kristẹni níbẹ̀ náà kì í sì í fẹnu kan ọtí, nítorí náà kò sí àpéjọ tí mo ṣe tí mi ò kọ́kọ́ ṣe tiwọn. Omi ataalẹ̀ tí a sè tó ti tutù ni kí ẹ fi rọ́pò tẹkílà, ìyókù kò yí padà. Ìgò tí a ó fi mì ín gbọ́dọ̀ yàtọ̀, ife rẹ̀ gbọ́dọ̀ yàtọ̀, kí a sì sọ fún wọn bẹ́ẹ̀ ní gbangba, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Omi ataalẹ̀ yìí ló tọ́ sí aláboyún pẹ̀lú, àti ẹni tó máa wakọ̀ padà lọ sílé.

Fún àwọn tó ń mu ọtí, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Ṣíbí 3 tẹkílà tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 40 nínú 100 ní mìlílítà 18 ògidì ọtí nínú, nígbà tí ìgò bíà ńlá olómi sẹ̀ǹtílítà 60, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100, ní mìlílítà 30. Ife kan kò tó ìgò bíà kan, àmọ́ kíkan ọsàn máa ń bo ọtí mọ́lẹ̀, ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ sì lè gbé ife mẹ́ta mì kí ara rẹ̀ tó sọ fún un. Ife méjì ni mo máa ń dá dúró sí. Mo máa ń gbé omi tútù ka àárín tábìlì, mo sì máa ń wá oúnjẹ sí i: súyà, ẹja yíyan, àti dòdò Ìkirè, èyí tí ata àti adùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ bá kíkan ọtí yìí mu ju gbogbo ohun tí mo tíì fi pẹ̀lú rẹ̀ lọ.

Bí àlejò bá máa tó mẹ́jọ, kò yẹ kí ẹni tó gbà wọ́n lálejò máa mi ìgò títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ da mìlílítà 360 tẹkílà, 180 omi ọsàn wẹ́wẹ́, 480 omi ọsàn mímu àti 120 ṣúgà èèpo pọ̀ sínú jọ́ọ̀gì, ẹ fi mìlílítà 250 omi mímu tútù sí i dípò èyí tí yìnyín ìbá fi sí i, kí ẹ sì fi iyọ̀ sí i bí ó ṣe yẹ. Ẹ dé e sínú fíríìjì fún wákàtí 2, kí ẹ má jẹ́ kí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi sódà kò gbọ́dọ̀ wọ inú jọ́ọ̀gì náà. Inú ife oníkálukú ni kí ẹ máa dà á sí. Bí ó bá ṣẹ́kù, ẹ lè mu ún lọ́jọ́ kejì, àmọ́ ẹ gé ọsàn wẹ́wẹ́ tútù kan, ẹ fún un sí i kí ẹ tó gbé e jáde.